Ìpàdé Tí Wọ́n Pe Bàbá Mi Sí Lẹ́yìn Tí A Ti Sin Ín

"Bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ òbí yín tó ti kú pè yín lórí fóònù, ẹ má dá a lóhùn." Ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún wa nìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Minna, láàárín ìfilọ̀ ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé wọ́n ti pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Sauka Kahuta. Ìlú yìí ni mo bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó sáré wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án gangan, ó ní, "Mọ́mì, wai, wọ́n ní Bàbá Àgbà ní owó ńlá kan ní Èkó! Wọ́n ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó tú u sílẹ̀." Mo bi í pé Bàbá Àgbà wo. Ó wá pe orúkọ bàbá mi, orúkọ àbísọ àti ti ìdílé, bí àjèjì orí fóònù yẹn ṣe pè é sí i létí. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ọmọ mi yìí kò sì mọ orúkọ àbísọ yẹn, nítorí èmi fúnra mi kì í pè é. Ó ku díẹ̀ kí ó fi owó náà ránṣẹ́ ni mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn, kí ẹ̀yin ọmọ wa lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìpín ìdókòwò, kí ẹ sì mọ bí orúkọ òkú ṣe lè máa wà láàyè níbì kan tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, agbo ilé kan ní àdúgbò Limawa níbí ní Minna ni a ń gbé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni ó ń tà lọ́jà: ṣéènì, pẹ́dà, táyà, àti agogo kẹ̀kẹ́ tí àwa ọmọdé máa ń lù títí wọ́n á fi lé wa. Ó lọ wo ilé tí ó ń kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni àìsàn ti gbé e ṣánlẹ̀. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ọkùnrin nígbà náà, kò lè tètè rìnrìn àjò. Nígbà tí ó fi máa kó wa dé ibẹ̀, wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Erùpẹ̀ tútù nìkan ni ó rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé láti ìgbà náà ni nǹkan kan kò ti jókòó dáadáa nínú rẹ̀. Wọ́n pín aṣọ bàbá mi fún àwọn mọ̀lẹ́bí gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe, a sì padà sí Limawa.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, ọyẹ́ ti ń fẹ́, nígbà tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì mú ìwé kan wá, nítorí pé àpótí ìfìwéránṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi ń lò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ó ń kánjú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kà á gààràgà. Ó ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan ló kọ ọ́, pé wọ́n ń pe ọkọ màmá mi sí ìpàdé ọdọọdún ní Èkó, kí ó wá jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ó sì dìbò. Ó ní, "Bóyá wọn kò tíì gbọ́," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá kan láti Ìlọrin wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, ó ń rán fìlà tà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Haba! Ẹni tí ẹ ti sin, wọ́n ní kó wá dìbò?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀," ni màmá mi wí.

"Kí ló fẹ́ tán? Ta ló ń pe òkú wá jókòó? Wallahi, ọkọ rẹ ti di akúdàáyà. Èkó ló wà."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé tó fi kú lè dìde lọ sí ìlú tí a kò ti mọ̀ ọ́n, kí ó háyà yàrá, kí ó máa ṣòwò, kí ó tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá fojú kàn án, á pòórá. Ìyá náà fi tirẹ̀ kún un, ó ní ẹni tó bá wá wọn lọ kì í sábàá padà wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni èmi gbọ́ jù.

Màmá mi kò jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó di ilé àbúrò bàbá mi ní Keteren Gwari. Ọ̀sán ni, àbúrò bàbá mi sì wọ agbádá bàbá mi, èyí tí wọ́n pín fún un.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ agbádá yẹn fún mi."

"Ìyàwó, ó ti jẹ́? Aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe pé mo yá a."

"Ẹni tó ni ín fẹ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n pè é sí ìpàdé."

N kò tíì rí àgbàlagbà tó bọ́ṣọ kíá bẹ́ẹ̀ rí. Ó nà án sí màmá mi láti òkèèrè, síngílẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù lára rẹ̀ nínú ọyẹ́.

Màmá mi fọ agbádá náà, ó sá a sórí okùn láàárín agbo ilé. Afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó wú, ó ní àyà, ó ní èjìká, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń rìn tí kò kúrò lójú kan. Kò sí ẹni tó kọjá lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, tí kò sì mọ bàbá wa rí, wà lẹ́yìn màmá mi. Ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde, ó nà wọ́n sí agbádá náà, bí ọmọ ṣe ń ṣe bí ó bá fẹ́ kí a gbé òun. Màmá mi wò ó, ó wo aṣọ náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ó sọ fún mi pé òun máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, pé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń rán fìlà ni èmi àti àbúrò mi máa wà. "N kò ní jẹ́ kó rí mi. Màá kàn gbé aṣọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ibi ìpàdé, màá dúró lókèèrè." Mo bi í pé ìgbà wo ló máa dé. Aṣọ tirẹ̀ ló ń ká lọ. Mo ti pàdánù bàbá. Mo wá rí i kedere pé ó ku díẹ̀ kí màmá mi náà bá a lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà ni ọ̀rẹ́ bàbá mi dé láti Kaduna, ó wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ti jọ tajà nínú ṣọ́ọ̀bù kan kí ó tó ṣí lọ. Ó yọ sí agbo ilé, ó rí agbádá náà lórí okùn, ó kígbe.

"Kai! Ta ló ń wọ aṣọ ọ̀rẹ́ mi?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Ìpàdé ló ń lọ ní Èkó."

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé kan yọ, irú tiwa gẹ́lẹ́, orúkọ tirẹ̀ ló wà lára rẹ̀. "Ìpàdé yìí kọ́? Wọ́n pe èmi náà."

Màmá mi sún sẹ́yìn. "Ẹ̀yin náà ti kú ni?"

Ìyá tó ń rán fìlà ti wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e, lẹ́yìn náà ó rí ojú màmá mi, ó jókòó.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ká ní ọ̀pọ̀ èèyàn da owó jọ ra ọkọ̀ akẹ́rù kan. Oníkálukú ní ìpín nínú rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ṣíà. O ò lè lọ yọ táyà kan kó o ní ìpín tìrẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti san owó dírẹ́bà, owó epo àti ti àtúnṣe, tí nǹkan bá ṣẹ́kù, a lè pín in. Èrè ìpín nìyẹn, òun ni dífídẹ́ǹdì. Ọdún tí ọkọ̀ bá bàjẹ́, ó lè má sí nǹkan tí a máa pín. Bí ó bá sú ọ, ìpín rẹ lo máa tà fún ẹlòmíràn, kì í ṣe ọkọ̀. Ọjà tí wọ́n ti ń tà á wà, alágbàtà ló sì ń bá ọ ná an níbẹ̀. Bí àwọn tó fẹ́ ẹ bá pọ̀, iye rẹ̀ á gòkè. Bí gbogbo èèyàn bá ń sá, á wálẹ̀, o sì lè pàdánù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á pe gbogbo onípìn-ín kí wọ́n wá gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe lọ. Èmi àti ọkọ rẹ jọ ra ti sìmẹ́ǹtì ni. Kò sọ fún ọ?"

"Ó ní òun fi nǹkan kan síbì kan." Màmá mi na ìka sí ìwé náà. "Àwọn tó kọ̀wé yìí, ṣé wọ́n rí i?"

"Wọn ò rí i rí, ìgbà tó wà láyé pàápàá. Orúkọ ni wọ́n mọ̀. Títí ẹnì kan fi máa lọ sọ fún wọn pé ó kú, kò tíì kú lọ́dọ̀ wọn."

"Bí mi ò bá wá sọ fún wọn ńkọ́?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Á máa wà níbẹ̀ ni."

Màmá mi kò lọ sí Èkó mọ́. Ó tú ẹrù rẹ̀, mo sì sùn dáadáa. Ó gbé agbádá padà lọ sí Keteren Gwari, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi kò gbà á, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi bẹ màmá mi títí kí ó lọ fi ikú náà tó ilé-iṣẹ́ náà létí, kí ìpín náà lè bọ́ sí orúkọ àwa ọmọ. Ó ní òun á lọ. Kò lọ. Lọ́dọọdún ni ìwé ìpàdé ń dé, màmá mi á fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, á gbé e sórí àga bàbá mi. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga náà.

Nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi kò sí mọ́, tí ó lọ ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, mo sọ fún màmá mi pé nǹkan wa wà lọ́hùn-ún. Ó ní, "Mo mọ̀. Ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ti ń pè é bí ẹni tó wà láyé nìyẹn. Ṣé èmi ni kí n lọ pa á níbẹ̀?"

Lẹ́yìn tí òun náà kú, èmi àti àbúrò mi tọ àwọn tó ń tọ́jú orúkọ àwọn onípìn-ín lọ. Ọmọbìnrin kan wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Mà, lọ́dọ̀ tiwa, bàbá yín ṣì wà láyé o. Limawa ni wọ́n ń gbé." Agbo ilé yẹn ti wó tipẹ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ní kí a mú ẹ̀rí ikú wá, àti ìwé ilé-ẹjọ́ pé àwa ni àrólé. Ikú tí dókítà kan kò rí, tí àwọn tó gbẹ́ sàréè rẹ̀ pàápàá ti kú tán, a kò tíì rí ẹ̀rí rẹ̀ mú wá títí di òní.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ń jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì yín ra ìpín lórí fóònù, kò sí ìwé tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì á mú wá tí aládùúgbò á fi gbọ́. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ti ìgbà tiwa lọ, nítorí pé ohun tí fóònù bá gbé mì, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń gbé orúkọ àwọn tí kò wá gba èrè wọn síta kí àwọn ọmọ wọn lè rí i, àwọn olè náà sì ń kà á; bóyá ibẹ̀ ni ẹni tó pe ọmọ mi ti rí orúkọ bàbá mi.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní ìpín kankan, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ yín kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, kí ẹ sì sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà fún wọn. Bí ẹni tó ni ín bá ti kú, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá pè yín lórí fóònù. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ lọ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé ó ti kú.