Ẹni Tó Ń Kí Àwọn Ará Ìsàlẹ̀ Omi

Nígbàkígbà tí èmi àti ìyàwó mi bá kúrò ní Benin lọ sí ìlú wọn létí òkun ní Ìlàjẹ, ibì kan wà tí ọkọ̀ ojú omi máa ń dé, tí ìyàwó mi yóò tẹrí ba sómi, tí yóò ní, "Ẹ kú ilé o." Àdúgbò tí wọ́n bí i sí ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Òkun ti gbé e mì, àwọn èèyàn sì ti tú ilé pákó wọn, wọ́n ti sún sẹ́yìn.

"Ta lò ń kí?"

"Àwọn aládùúgbò wa ni, ọ̀gá olùkọ́. Àbí ìwé yín ló ní wọ́n ti kó lọ?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò jẹ́ kọwọ́ mi kan omi náà.

Kó tó kú, ó bẹ̀ mí pé kí n sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun. Mo lọ bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pé kó fi ibi tá a máa gbẹ́ hàn mí. Ọkọ̀ ojú omi ló ní ká wọ̀. Láàárín omi, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ki ọ̀pá gígùn bọ ìsàlẹ̀. Ọ̀pá náà kan nǹkan líle.

"Ibojì Màmá nìyẹn," ló wí. "Ẹ sin ín sí Benin, ẹ̀gbọ́n. Òkun ò tíì débẹ̀."