Ó Rán Erin, Kò Rí Erin

Bí ẹ bá dé àdúgbò yẹn tí ẹ ní ẹ ń wá Ìyá Oníyúnífọ́ọ̀mù, ajá pàápàá á mú yín débẹ̀. Ilé kékeré kan ni, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí títì. Maṣíìnì ìránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nítorí ìmọ́lẹ̀, àpò òwú rọ̀ sára ìṣó, àwọn ẹ̀wù tí wọ́n ti gé tí wọn ò tíì rán wà lórí àga bíi pé àwọn ọmọ aláìlórí ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń retí olùkọ́. Aṣọ iléèwé ni obìnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ rán. Àwọn tó wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nígbà kékeré ti ń mú ọmọ tiwọn wá báyìí, yóò sì wo ojú ọmọ náà, á ní, “Èjìká bàbá ẹ lo gbé wá. Mo máa fi àyè díẹ̀ sí i.”

Ẹ wá gbọ́ ohun tó jọ mí lójú jù. Iléèwé tó ń gbé iṣẹ́ fún un jù lọ, erin ni àmì wọn. Erin kan gbọ́dọ̀ wà lójú àpò gbogbo ẹ̀wù, ọwọ́ ni Ìyá sì fi ń rán an, pẹ̀lú òwú aláwọ̀ eérú. Ìdí ìrù ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, yóò gba orí ẹ̀yìn kọjá, yóò yí etí po, yóò wá fi ọwọ́jà parí ẹ̀, abẹ́rẹ́ ò ní gbéra. Bébà kan tó ti gbó, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra, ló ti ń wò ó ṣe. Nínú bébà yẹn, ìrù erin kò ju fọ́nrán òwú kan lọ. Ìyá ò gbà. “Ẹranko tó tó ilé báyìí, kí ìrù ẹ̀ wá rí bí ìrù eku? Ṣé kò ní irun ní ṣóńṣó ni?” Ó bi àwọn olùkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Erin tó ti rán tó láti kún ìlú, kò sì rí ẹyọ kan rí láyé.

Ojú rẹ̀ ọ̀tún wá bò. Dókítà wo òsì, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Màmá, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí, ẹ tètè rí i.” Lọ́jọ́ tó ti ọ̀hún dé, ó sọ fún àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì:

“Erin ni mo fẹ́ rí. Mi ò tọrọ nǹkan míì.”

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín mì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan báyìí ni àkọ́bí Ìyá gbé ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá kí i. Akọ̀wé nílé-iṣẹ́ omi ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò àlòkù kan tó ń nù bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní:

“Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ọgbà ẹranko yá! Ìgboro la ń lọ. A ó jáde láàárọ̀, a ó padà nírọ̀lẹ́.”

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ maṣíìnì lẹ́nu. Ìyá ò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ dúró.

“Ṣé erin wà níbẹ̀?” Àbíkẹ́yìn ló bèèrè, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyá rẹ̀.

“Erin kẹ̀! Akọ àtabo. Wọ́n ní èèyàn lè sún mọ́ ọn débi pé á fẹ́ ẹ lójú.”

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ètò. Ìyàwó ní òun á se ẹyin. Àkọ́bí ní, “Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì ni kó gbé búrẹ́dì wá.”

“Kò burú,” ni Àbíkẹ́yìn, tí iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó bá wọn lọ, dáhùn. “Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ omi náà gbé omi wá, kó má sì jẹ́ èyí tó ń pọ́n bí ìpẹtà tẹ́ ẹ fi ń jẹ wá níyà ládùúgbò yìí.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ Àkọ́bí, ọmọdébìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adájọ́ nítorí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá sí, ló wá na ìka sí ìyá àgbà. “Màmá àgbà ńkọ́?”

“Ó dáa,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Màmá, ṣé ẹ ó bá wa lọ?”

“Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi dà? Kí ni mo fẹ́ lọ bá ẹranko sọ? Ẹ máa lọ ní tiyín.”

Adájọ́ gbé ìka kan sókè. “Ẹ̀ẹ̀kan! Bàbá, ẹ ò tíì bi wọ́n tán o.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí náà rẹ́rìn-ín, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí táyà mọ́tò.

Ohun tí ọmọ náà ń kà rèé. Ilé yẹn ní òfin, Ìyá ló sì fi lélẹ̀. Wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́, kọ̀ ọ́. Wọ́n bá tún fi lọ̀ ọ́, tún kọ̀ ọ́. Ìgbà kẹta ni kí o gbà á, kí o sì dúpẹ́. Òun nìkan ló tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní wọ̀bìà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó ń wí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àkọ́bí ló kọ́kọ́ fi ara gbá òfin náà. Ó lọ jíṣẹ́ nílé kejì nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá ibẹ̀ sì fi ẹran lọ̀ ọ́. Ó kọ̀. Ìyá náà tún fi lọ̀ ọ́. Ó kọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń ṣomi. Ló bá dúró, ó ń dúró de ẹ̀kẹta. Ìyá ilé kejì da ẹran padà sínú ìkòkò, ó dé e. Ọmọ náà sunkún délé. Kí ni Ìyá wí? “Ọmọ dáadáa ni ọ́.” Kò sí nǹkan nínú ilé lọ́jọ́ náà. Omi ni ọmọ dáadáa mu sùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ ò bá rí Ìyá! Ó rán àpò aláṣọ kan tí wọn á kó búrẹ́dì sí. Ó tún ẹ̀gbẹ́ aṣọ aláwọ̀ aró rẹ̀ ṣe, nítorí ó ti rù. Ó rán tìmùtìmù kékeré tó máa fi sídìí nínú mọ́tò. Ó fi epo pa bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, yóò na etí. Àkọ́bí pè, ó bèèrè kúlà tí wọn á kó omi sí. Ó tún pè, ó bèèrè bóyá òjò máa ń rọ̀ lápá ọ̀hún. Kò bèèrè ohun tí Ìyá ń retí.

“Màmá, ẹ kúkú sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ lọ,” ni Àbíkẹ́yìn wí.

“Pẹ̀lú ẹnu wo? Ẹnu tí mo fi kọ́ yín? Ó ṣì máa bi mí. Èmi ni mo bí i.”

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Àbíkẹ́yìn gbé fóònù jáde sẹ́yìnkùlé.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì bi Màmá lẹ́ẹ̀kejì o.”

“Wọ́n ní àwọn ò lọ. Gbogbo wa la fetí ara wa gbọ́.”

“Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ òfin ilé wa.”

“Mo mọ̀ ọ́n ju ìwọ lọ! Ṣé ìwọ lo dúró lẹ́nu ìkòkò ẹran lọ́jọ́ yẹn ni? Àbúrò ìyàwó mi ń bá wa lọ, òun ló ni kámẹ́rà. Mọ́tò ti kún. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan, kó la ẹnu.”

Àbíkẹ́yìn wọlé, kò sọ fún Ìyá pé mọ́tò ti kún. Ó rò ó pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ̀gbọ́n òun bá fojú kan Màmá nínú aṣọ aró yẹn láàárọ̀, ojú á tì í, á lé oníkámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mọ́tò dé, ó ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó. Ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tìmùtìmù lórí itan, àpò búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Oníkámẹ́rà wà níwájú. Ìyàwó wà lẹ́yìn, Adájọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àga ọmọ ìkókó sì gba ìyókù. Àkọ́bí sọ̀ kalẹ̀ wá gbé kúlà. Ó rí aṣọ. Ó rí bàtà. Ó dúró.

“Ah, Màmá. Ẹ ti múra. Ibo lẹ ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan,” ni Ìyá wí.

Orí Adájọ́ ti yọ lójú fèrèsé. “Bàbá! Ẹ ò tíì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì! Ẹ bi wọ́n!”

Àkọ́bí wo mọ́tò, ó wo àbúrò rẹ̀ tó ká ọwọ́ mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi ojú sọ̀rọ̀.

“Màmá, àbí ẹ ó lọ ni?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi wò ó! Ẹnu Ìyá là. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà kejì ni. Ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ, òun fúnra rẹ̀ kò lè bà á jẹ́ lójú ọmọ ọmọ tó ń kà á.

“Rárá o,” ó ní. “Ẹ máa lọ. Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re.”

Ó sì gbójú sókè, ó ń dúró de ẹ̀kẹta.

Àkọ́bí yára gbé kúlà. “Ẹ ti gbọ́ o. Wọ́n ní àwọn ò lọ.” Ó gba àpò búrẹ́dì náà. Ó gba tìmùtìmù lórí itan rẹ̀ fún ìdí ìyàwó. Mọ́tò gbéra. Ohùn Adájọ́ ni wọ́n gbọ́ títí dé kọ́nà: “Ó ku ẹ̀ẹ̀kan! Bàbá, ó ku ẹ̀ẹ̀kan!”

Wọ́n padà dé nírọ̀lẹ́, oòrùn ti pa wọ́n, inú wọn dùn. Oníkámẹ́rà gbé kámẹ́rà fún Ìyá kó wo àwòrán erin. Ó fà á mọ́ ojú òsì títí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Nǹkan fìrí gan-an ni Ìyá rí, ohun eléérú kan báyìí, àti eyín ẹnìkan tó dúró síwájú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìrù ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ní irun?”

“Ọ̀dọ̀ wa ló kọjú sí, Màmá,” ni oníkámẹ́rà dáhùn. “Ìdí ẹ̀ ò wọlé.”

“Adájọ́, ìwọ náà ò wò ó?”

Ọmọ náà wolẹ̀. “Mò ń jẹ búrẹ́dì nígbà yẹn.”

Ìyàwó ṣí àpò. “Màmá, búrẹ́dì ṣẹ́ kù o, àti ẹyin kan. Ṣé ẹ ó jẹ ẹ́?”

“Gbé e wá.”

Ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, gbígbẹ bẹ́ẹ̀, láì mu omi sí i. Adájọ́ ti gbé ìka kan sókè. Ó rọra ká a padà. Àkọ́bí dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo táyà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àbíkẹ́yìn ní òun á gba àyè níbi iṣẹ́, àwọn á wọ bọ́ọ̀sì, àwọn á lọ. Ìyá ní rárá. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Rárá. Ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó kúnlẹ̀. Ìyá ní òun ti rí i nínú kámẹ́rà.

Láti ìgbà náà, etí ni Ìyá ti ń bẹ̀rẹ̀ erin rẹ̀, kò sì sí ìrù nídìí ọ̀kankan wọn. Olùkọ́ kan gbé ẹ̀wù padà wá, ó ní iṣẹ́ ò parí.

“Ẹ gbé e lọ bá ọmọ mi ọkùnrin,” ni Ìyá wí, abẹ́rẹ́ ò gbéra. “Òun ló rí erin. Kó bá yín rán ìyókù.”