Fèrè Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé Lọ́jọ́ Ìdìbò

Ọdún tí wọ́n gé igi àgbálùmọ̀ iwájú ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba káàdì ìdìbò ṣì wà lẹ́yìn ìyá yín nígbà náà. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré wa ní ibùdó ìdìbò tó wà níbẹ̀. Ìṣòro kan náà ló máa ń bá wa: bí àwọn èèyàn bá ti tẹ̀ka tán, wọ́n á lọ sílé lọ jẹun. Ìgbà tí ibẹ̀ bá ṣófo ni àwọn jàǹdùkú á wá gbé àpótí.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ló ní òun á dá àwọn èèyàn dúró. Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó bá ń fọn sakisofóònù ní Ìjẹ̀bú lónìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ó fọn jáàsì dé òkè òkun. Nítorí pé kò fẹ́ fi fèrè yin olówó ló ṣe kúrò lẹ́yìn àwọn olórin òde àríyá.

Nígbà tí ìdìbò parí, ó jókòó lẹ́yìn okùn tí wọ́n fi pààlà ibùdó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn jáàsì rẹ̀. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ yíjú sí i. Kò pẹ́, wọ́n ń ká àga. Ìyá Risi, tó ń lọ ata nítòsí, bi mí bóyá ó ṣì ń dán fèrè wò ni. Ara mi ò lélẹ̀. Ọ̀kadà kan ti ń lọ tó ń bọ̀, àwọn jàǹdùkú tó wà lórí rẹ̀ ò sì sọ̀kalẹ̀.

Mo lọ bá a. "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ń lọ."

"Kí ni wọ́n fẹ́?"

"Orin tí wọ́n mọ̀."

Ó ronú díẹ̀, ó ní kí Ìyá Risi dá orin kan. Ìyá Risi ní òun kì í ṣe olórin, síbẹ̀ ó dá èyí tí a fi ń rẹ ọmọ sùn. Bọ̀ọ̀dá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fọn ún bó ṣe rí, lẹ́yìn náà ó gbé e gun òkè, ó fà á wọ kọ̀rọ̀ tí a ò mọ̀. Ẹni tó ti gbé àga léjìká dúró.

"Bàbá ti sọ orin nù," ni ọkùnrin kan wí.

"Dákẹ́, ó ń bọ̀," ni Ìyá Risi dá a lóhùn.

Ó sì padà wá lóòótọ́. Gbogbo wa gbè é. Ó tún gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé láìgbọ́ bó ṣe máa padà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ka ìbò, ó gbé fèrè kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò bá òṣìṣẹ́ ìdìbò kà á sókè. Àwọn tó wà lórí ọ̀kadà wò wá, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹgbẹ́ wa ló wọlé níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe àkójọ èsì, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wa síta. Iye tí wọ́n kéde fún ibùdó wa kì í ṣe iye tí a kà. A pẹjọ́, ilé ẹjọ́ ní ẹ̀rí wa ò tó.

Kí Bọ̀ọ̀dá tó kú, mo sọ fún un pé asán ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ó bi mí pé, "Ta ló lọ sílé lọ́jọ́ náà?" Mo ní kò sí. Ó ní ohun tí èémí òun lè ṣe nìyẹn.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fọn fèrè lẹ́bàá àpótí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò báyìí, àwọn èèyàn sì ń dúró. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kò tíì sí ogunlọ́gọ̀ tó bá èsì wọn dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tó sì dúró títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé fèrè lọ.