Bàtà Tí Mo Rà fún Ìyá Mi ní Lomé

Ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá mi ní Ilé-Ifẹ̀, inú ọjà ni mo wà ní Lomé, mò ń yan bàtà fún wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tó wà pẹ̀lú mi mọ̀ pé wọ́n ti kú. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwa mẹ́ta la jọ ṣe iléèwé girama. Ọ̀kan ń ránṣọ ní Òkè-Ògbó, ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, tíṣà lèmi. Nọ́ọ̀sì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́, òun ò tíì lọ síbi tí òun ò ti gbọ́ òórùn oògùn, àfi ká lọ wo òkun. Ara ìyá mi ò fi bẹ́ẹ̀ le nígbà náà, mo sì fẹ́ yẹ ìrìn-àjò náà. Ìyá mi fúnra wọn ló lé mi jáde nílé. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lò ń bá mi mí ni? Lọ jàre. Bàtà tí ò ní máa pa mí lẹ́sẹ̀ ni kó o rà bọ̀."

Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pe nọ́ọ̀sì láàárọ̀. Màmá ti kú lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Mùsùlùmí ni wá, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì má sọ fún mi. Nílé tiwa, wọn kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n kí onítọ̀hún má lọ dákú sójú ọ̀nà. Wọ́n á jẹ́ kó délé, kó mu omi, kó tó gbọ́. Báyìí ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe mú mi lọ sọ́jà bí a ṣe ti pinnu tẹ́lẹ̀.

Mo rí i pé nǹkan ń ṣe wọ́n o. Aránṣọ tí kì í rí aṣọ kó má bú u, gbogbo èyí tí mo bá nà sí i ló ń sọ pé ó dáa. Nọ́ọ̀sì ò bá ẹnikẹ́ni nájà. Nọ́ọ̀sì tí mo mọ̀! Ẹni tó lè fi wákàtí kan ná iyọ̀! Mo ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé òkun ti gbé ahọ́n yín lọ ni?" Nọ́ọ̀sì ní orí ń fọ́ òun. Mo ní kó lo oògùn, ṣebí òun ló máa ń fipá fún gbogbo ayé mu.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàtà, mo pe fóònù ìyá mi kí n lè béèrè àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e. Ó ní Màmá ti lọ kí èèyàn ní Sábó, pé wọ́n tún gbàgbé fóònù sílé. Mo gbà á gbọ́, torí ìyá mi ò fìgbà kan rántí fóònù yẹn rí. Mo gbọ́ ariwo lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Àwọn wo ló kún ilé báyìí?" Ó ní àlejò òun ni wọ́n. Mo ní kó bá mi kí wọn.

Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì àti ti ìyá mi dọ́gba. Nígbà tí a wà níléèwé, bàtà wọn ló máa ń yá wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Mo wá ní kó bá mi wọ bàtà kan wò.

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé dandan ni?"

Mo ní, "Ẹ wo obìnrin yìí o! Ẹsẹ̀ lásán ni mo ní kó o yá mi."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo ní kó rìn, ó rìn. Mo ní, "Ṣé kò pa ọ́ lẹ́sẹ̀? Màmá ò ní gbà o." Ó ní kò pa òun. Bàtà mẹ́rin ni mo mú kí ọ̀rẹ́ mi wọ̀ lọ, wọ̀ bọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí mò ń bẹ̀rẹ̀ tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n lè mọ̀ bóyá àyè wà. Nígbà tó fi máa di ẹ̀kẹrin, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní iyanrìn ló kó sí òun lójú. Aránṣọ yíjú sẹ́yìn. Mo ra ẹ̀kẹrin yẹn, awọ rẹ̀ rọ̀ bí etí ọmọdé.

Láti ibẹ̀, a lọ sétí òkun. Aago mẹ́ta ni tiwọn, ó ti di mẹ́rin nílé wa. Mo ká ìró mi sókè, mo wọ inú omi dé orúnkún. Ìgbì kan dé, ó gbé ẹsẹ̀ mi, mo fìdí jókòó sínú omi, ìró àti gèlè rin gbindin. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Mò ń pe àwọn ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n wá. Wọn ò wá.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ká máa lọ sílé, pé orí tó ń fọ́ nọ́ọ̀sì ò tíì lọ. Ìrọ̀lẹ́ la dé Ifẹ̀. Mo rí àga níta, mo rí àwọn àlùfáà. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni la ẹnu, mo ti mọ̀. Mo ké, "Yéè! Ìyá mi o!" Wọ́n dì mí mú. Ilẹ̀ sàréè tó ṣì tutù ni wọ́n fi hàn mí. Mi ò rí ojú ìyá mi mọ́.

Mo bínú, mi ò ní purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é ni. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ti jókòó ti tíṣà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú tí òun ò sì tíì mọ̀, nínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ifẹ̀, tí mò ń bá a sọ̀rọ̀ oòrùn tó mú. Mo tiẹ̀ rò pé mo ṣe é lóore.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúà, nọ́ọ̀sì wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀ fún mi rí.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ká ní mo sọ fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀nà jìn, bọ́dà pọ̀. O ò lè bá wọn lókè eèpẹ̀."

Mo ní, "Mi ò lè bá wọn. Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti dé?"

Mo ní, "Torí pé ǹ bá ti sunkún. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Lomé ni ǹ bá jókòó sí, kí n máa sunkún ìyá mi bí wọ́n ṣe ń da eèpẹ̀ bò wọ́n. Aago mẹ́rin ni wọ́n sin wọ́n. Inú omi ni mo wà, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rín ni mò ń rín. O sì dúró, ò ń wò mí."