Òkúta Pupa Méjì Nínú Abọ́ Kan

Ọkọ mi Jimoh kì í pe òkúta lórúkọ. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá a jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn Ìgà Ìdúngànràn, mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ fún oníbàárà pé rúbì lèyí tàbí ẹ̀mẹ́rádì lèyí. Pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, ibẹ̀ ló mọ. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ọwọ́ rẹ̀ dáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀mù, ọmọge kan tó fẹ́ ṣe yìgì gbé òrùka wá kí òun bá a dín in kù. Òun là á mọ́lẹ̀ fún un pé dáyámọ́ǹdì orí rẹ̀, dígí ni. Yìgì yẹn ò wáyé mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti fi orúkọ òkúta sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ń fẹ́ mọ̀. Mo máa ń bi í, bó bá sì ṣe ń ṣàlàyé tó ni orí mi á túbọ̀ máa dàrú. Ó ní rúbì àti sáfáyà, òkúta kan náà ni wọ́n. Mo ní báwo, ìkan pupa, ìkan búlúù? Ó ní tó bá ti pupa, rúbì nìyẹn. Àwọ̀ yòówù tó bá ní tí kì í ṣe pupa, sáfáyà ni, ìbáà ṣe yẹ́lò. Ó ní ẹ̀mẹ́rádì tó jẹ́ ojúlówó, ẹ̀là máa ń wà nínú rẹ̀ bí ohun tó fẹ́ fọ́, èyí tó bá mọ́ lóló jù ni kí n fura sí. Ó ní iyùn tí àwọn ìyá wa fi ń yangàn kì í ṣe òkúta rárá, inú òkun ló ti ń hù. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó fi mí sílẹ̀, orí ti ń fọ́ mi.

Ká ní mo ti gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ yé ni, bóyá ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, obìnrin méjì gbé òrùka wá kó bá wọn fẹ̀ ẹ́, ìka wọn ti sanra. Àkọ́kọ́ ni Àlhájà Bilqis, opó tí ọkọ rẹ̀ fi ilé alájà mẹ́ta sílẹ̀ fún lápá Ìdúmọ̀tà. Ìkejì ni Adéníkẹ́, ọmọ Èkìtì tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà. Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ni òrùka tiẹ̀. Òkúta pupa kọ̀ọ̀kan ló wà lórí òrùka méjèèjì, wọ́n tóbi bákan náà, wọ́n rí roboto bákan náà. Iná ò gbọ́dọ̀ kan òkúta tí wọ́n bá ń jó wúrà, ó lè sán. Jimoh bá yọ wọ́n nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n mú iná lọ, ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìdérí ìgò tiẹ̀ lórí tábìlì. Kò kọ nǹkan kan sí i. Orí rẹ̀ ni ìwé rẹ̀.

Nígbà tó di Jímọ̀, ó lọ kírun. Èmi Àlímọ̀t, aláṣejù, mo rí eruku lára ìdérí ìgò. Mo da òkúta méjèèjì sínú abọ́ kan, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo nù wọ́n gbẹ. Ìgbà tí mo fẹ́ dá wọn padà ni mo tó rí i pé mi ò mọ èwo ni ti ta.

Mo gbé ìkan, mo gbé ìkejì. Mo ní eléyìí ló wà lápá òsì. Mo tún ní rárá, apá ọ̀tún ni. Nígbà tí Jimoh fi máa dé, mo ti yí wọn po débi pé tí wọ́n bá mú mi búra, mi ò lè sọ èwo ni mo kọ́kọ́ mú. Mo káwọ́ pọ̀nyìn rojọ́ fún un. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ara ì bá tù mí. Ó kàn jókòó, ó ṣí fìlà, ó ní, "Àlímọ̀t, èmi náà ò wò wọ́n dáadáa. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ yìí, ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn èèyàn nìkan ló fi ń ṣe é. Tó bá gbé òkúta olókùúta fún ẹlòmíràn pẹ́nrẹ́n, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn, èmi ni mo sì bà á jẹ́.

Mo ní kó dán wọn wò nínú òrùka. Òkúta méjèèjì wọ òrùka méjèèjì wẹ́kú. Ó gbé wọn jáde sínú oòrùn, ó fi awò kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́ sójú, ó wò wọ́n títí. Ó ní ìkan pọ́n bí omi sóbò, ó ṣú díẹ̀, ó jọ gánẹ́ẹ̀tì, òkúta tí owó rẹ̀ ò tó ti rúbì. Ó ní ìkejì lè jẹ́ rúbì, ó lè jẹ́ tọ́málìnì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, ó sì lè jẹ́ dígí.

Mo ní, "Bàbá Mariyah, ṣé pupa lásán ló wá ní orúkọ mẹ́rin báyìí?"

Jimoh kó òkúta méjèèjì kúrò nínú oòrùn. Ó dì wọ́n sínú bébà, a kọrí sọ́dọ̀ Muqtadir tó ń ṣẹ́ owó nítòsí CMS. Iná aláwọ̀ àlùkò kan wà lọ́wọ́ Muqtadir tó fi ń yẹ dọ́là wò bóyá ayédèrú ni. Jimoh ní gánẹ́ẹ̀tì àti tọ́málìnì kì í tàn lábẹ́ irú iná yẹn, dígí kì í sábà tàn pupa, rúbì ló sábà máa ń tàn bẹ́ẹ̀. Mo fi ìborùn mi bo gbogbo rẹ̀ kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, a wá ń yọjú wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣú wà bó ṣe wà. Ìkejì pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí ẹyín iná.

Mo ní, "Ó parí nìyẹn. Rúbì, ti Àlhájà. Èyí tó kù, ti Adéníkẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ dá wọn padà sójú òrùka."

Jimoh ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ṣé ó tún yẹ kí ẹnì kan sọ ìyẹn fún mi ni? Ta ló máa ń bá rúbì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀? Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ní gbangba, lójú Muqtadir. Ọkọ mi ní iná ti sọ irú òkúta tó jẹ́, kò sọ ẹni tó ni ín. A jà délé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin méjèèjì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó má pè wọ́n pọ̀, ó kọ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó kó òkúta méjèèjì lé e, ó ní, "Ẹ má bínú. Ọwọ́ wa ló ṣì wọ́n pọ̀. Kí kálukú mú tiẹ̀." Kò sọ èyí tó jẹ́ rúbì. Mo ti rò ó pé èyí tó ń dán làwọn méjèèjì máa nawọ́ sí, tí wọ́n á sì fa ara wọn láṣọ ya.

Àlhájà wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ wọn, ó mú èyí tó ṣú. "Tèmi nìyí," ó ní. "Gánẹ́ẹ̀tì ni. Àlhájì ò purọ́ fún mi. Nígbà tó rà á, a ò tíì ní nǹkan kan. Ó ní tí owó bá dé, òun á fi rúbì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí owó dé, èmi ni mo ní kó má yọ ọ́."

Mi ò mọ ibi tí mo máa kojú sí. Mo sún òkúta kejì síwájú Adéníkẹ́, mo ní, "Tìrẹ nìyẹn. Rúbì ni."

Adéníkẹ́ ò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Rúbì? Ìyá mi ní dígí ni. Ta ló sọ fún yín?"

Mo ṣàlàyé iná Muqtadir fún un, mo ní láti Jímọ̀ la ti mọ̀. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ìyá Mariyah," ó ní, "ká ní Àlhájà ò wá lónìí, ta lẹ ò bá gbé e fún?"

Jimoh la ẹnu, ó fẹ́ gbèjà mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àlhájà ni," mo ní. "Èmi ni mo dà wọ́n pọ̀. Èmi náà ni mo ní ká gbé e fún Àlhájà." Ojú tì mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Adéníkẹ́ ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́." Ó wá ní kí ọkọ mi dá òkúta náà padà sójú òrùka báyìí, níṣojú òun. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó. Títí Jimoh fi ṣe é tán, kò gbé ojú kúrò lára ọwọ́ mi.