Ọjọ́ Ìsinmi Nazmiye Lórí Òkè Pamukkale

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Nazmiye ti fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn àlejò lórí òkè Pamukkale, òkè òkúta funfun tí omi gbígbóná ń ṣàn lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò jókòó ti omi gbígbóná ibẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó ní kó má jókòó. Bàtà rọ́bà ló ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá sì máa fi bọ́ ọ, oorun nìkan ló máa ń wù ú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni kì í lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ náà ló fi ń fọ aṣọ ilé, tó sì fi ń wẹ ìyá rẹ̀, Esme, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí wọ́n jọ ń gbé ní abúlé ìsàlẹ̀ òkè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ aṣọ sómi ni ìyá náà jáde sí àgbàlá. Ó ti wé ìborí tuntun, ó sì ti di búrẹ́dì àti wàràkàṣì sínú àpò.

"Ìyá, ibo lẹ ń lọ?"

"Òkè ni. Mo fẹ́ lọ wo ibi tí mo ti máa ń da ewúrẹ́ bàbá mi."

"Ewúrẹ́ tó ti kú láti àádọ́rin ọdún?"

"Ṣé mo sọ pé ewúrẹ́ ni mo fẹ́ wò ni?"

"Ẹ dákun, ó rẹ̀ mí. Ojoojúmọ́ ni mo wà lórí òkè yẹn."

"Ìwọ lo wà níbẹ̀. Èmi ńkọ́?"

Nazmiye ò rí okun tó máa fi jiyàn. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó lọ wá bàtà. Ó ní kí àwọn wọ mọ́tò lọ sí ẹnubodè òkè, ìyá kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò fi mọ́tò da ewúrẹ́ rí.

Ní ẹnubodè ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń bọ́ bàtà kí wọ́n má bàa ba òkúta funfun náà jẹ́, Tahsin tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rí wọn.

"Àǹtí Nazmiye! Ṣé wọ́n ti lé yín níbi iṣẹ́ ni, tẹ́ ẹ fi ń bá àlejò wọlé?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. Màmá ló fẹ́ ṣeré jáde."

"Ẹ rọra o, Ìyá. Ó ń yọ̀."

"Kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń sáré níbẹ̀," ni Esme dá a lóhùn.

Ni wọ́n bá ń gùn ún. Nazmiye kó bàtà àwọn méjèèjì sọ́wọ́ kan, ó fi apá kejì gbé ìyá rẹ̀ ró. Omi tó ń ṣàn lójú ọ̀nà ti tutù kó tó dé ìsàlẹ̀ níbẹ̀, òkúta sì ń gún wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn adágún funfun tó wà lápá òsì gbẹ táútáú.

"Omi ibí dà?" ni ìyá bi í.

"Wọ́n ń yí i kiri ni. Apá ibí lónìí, apá ọ̀hún lọ́la. Bó bá ń ṣàn lójú kan, òkúta á dúdú."

"Láyé tiwa, kò sẹ́ni tó ń yí i."

Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí orúnkún Nazmiye kọ̀. Orúnkún ọmọ ni o, kì í ṣe ti ìyá. Ó jókòó sí etí ojú omi tóóró kan tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹrẹ̀ funfun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kúnná bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòrò, ó ń yọ́ gba àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrora inú egungun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Ìyá."

Esme jókòó tì í. Nazmiye sùn lọ, orí rẹ̀ ń bẹ léjìká ìyá rẹ̀.

Nínú oorun náà, ó gbọ́ fèrè ẹ̀ṣọ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya etí. Ọkùnrin kan ń pariwo pé wọn kì í jẹun níbẹ̀.

"Mo ti gbé e mì," ni ohùn ìyá rẹ̀. "Dákun, gbé fèrè yẹn lọ síbòmíì. Ọmọ mi ń sùn."

"Ìyá, ẹni yìí lọmọ? Irun ẹ̀ ti funfun tán!"

"Ọmọ mi ni. Máa lọ."

Nazmiye gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n kò la ojú. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti lé èèyàn sẹ́yìn nítorí tirẹ̀ kẹ́yìn. Ó tún jẹ́ kí oorun gbé òun lọ.

Nígbà tó fi máa jí, oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn. Apá ìyá ti kú tìpìrì níbi tó gbà á mọ́ra sí, kò sì yí i kúrò.

"Ìyá, ẹ ò sì jí mi! A ò ní lè dé òkè mọ́."

"Ó ti ga jù fún mi. Mo ti mọ̀ látìsàlẹ̀." Esme wo òkè, níbi tí àwókù ìlú àtijọ́ wà, tí kò sì ṣeé rí láti ibi tí wọ́n jókòó sí. "Pósí òkúta kan wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya. Inú ẹ̀ ni mo máa ń sá sí tójò bá dé. Ṣó ṣì wà?"

Pósí òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni ẹ̀gbẹ́ wọn ti ya.

"Ó ṣì wà, Ìyá. Mo máa ń gbabẹ̀ kọjá."

"Ó dáa."

Wọ́n lo wákàtí kan gbáko kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà òtútù ọdún náà, ẹsẹ̀ Esme ò gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà ilé mọ́. Nazmiye ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ọdún mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì.