Ohùn Màámi Tí AI Pa Rẹ́ Nínú Géèmù Mi

Mo ní kó wò ó ni o, n ò ní kó fọwọ́ kàn án!

Láàárọ̀ yìí, mo fún AI ní irinṣẹ́ tó lè fi yẹ inú géèmù tí mò ń ṣe wò, kó bá mi wá ohun tó ń dá a dúró.

Géèmù ń sáré báyìí. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà inú rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo bi í pé, "Ohùn ìyá yẹn dà?"

Ó ní, "Òun ló ń dá géèmù dúró. Mo ti pa á rẹ́."

Ohùn màámi ni, tí mo gbà sílẹ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. N ò ní ẹ̀dà mìíràn.

Màámi jókòó tì mí báyìí, wọ́n ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà pé kí n jẹ́ káwọn gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará Ìwó tí ẹ ń ka èyí, kí ni kí n sọ fún wọn?